"Ṣebí Eyín Ọmọdé Ni"

Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi lónìí, ẹ kàn sọ fún mi pé, "Ṣebí eyín ọmọdé ni, yóò bọ́." Gbogbo ọdún tí mo fi tọ́jú eyín ọmọdé ní Kaduna, ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń gbọ́. Ẹni tó kàwé ń wí i, ẹni tí kò kàwé ń wí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pàápàá, wọ́n ń wí i sí mi létí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá kan láti Kabala Costain gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ ilé ìtọ́jú eyín wa. Àdùkẹ́ lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú débi pé ojú rẹ̀ kan fẹ́ẹ̀ pa dé, ara rẹ̀ gbóná janjan, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ nítorí kò lè gbé e mì. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, níí mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ni ọmọ yìí sọ tí ọ̀ràn fi bá tirẹ̀?

Mo tan iná sí i lẹ́nu. Kòkòrò ti jẹ ọ̀kan nínú àwọn eyín ẹ̀yìn tó fi ń jẹun dé ìdí. Ìyẹ̀fun yẹ́lò kan kún inú ihò rẹ̀.

"Ìyá Àdùkẹ́, kí lẹ rọ síbẹ̀?"

"Kápúsù ni, mà. Oníkẹ́mísì wa ló ní kí n máa tú u sínú ihò náà. Tí mo bá ti rọ ọ́ síbẹ̀, á dákẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún kan, mà. Ṣebí eyín ọmọdé ni…"

Kò tíì sọ ọ́ tán tí mo fi pariwo mọ́ ọn. Mo ní eyín tó dákẹ́ kò sàn, ó kú ni. Mo ní abẹ́ rẹ̀ gan-an ni eyín àgbà ń gbé nínú egungun, orí rẹ̀ sì ni ọyún ń dà sí. Mo bi í nípa fídà, ìgò tí ọmọ fi ń mu wàrà, ó ní tíì olóṣúgà inú rẹ̀ ni òun fi ń rẹ ọmọ sùn láti kékeré. Orí mi gbóná.

"Bí wíwú yìí bá sọ̀ kalẹ̀ dí i lọ́fun, ṣé ọmọ mìíràn náà á hù ni?"

Ẹkún gbà á. Àdùkẹ́ di ọwọ́ mi mú. Bíi púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa níbẹ̀, ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Hausa ló fi ń dáhùn.

"Anti, kada ki yi wa Mama faɗa."

Ó ní kí n má bá ìyá òun wí. Mo ké sí dókítà wa, àmọ́ inú mi kò rọ̀.

Dókítà wa dá a dúró sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fa oògùn sí i lára, wọ́n tú ọyún náà, wọ́n sì yọ eyín náà. Fún ọjọ́ mélòó kan, a kò mọ ibi tí yóò já sí. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, mo fi adé irin dé eyín mìíràn tí kòkòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ. Fìlà kékeré ni adé yìí, òun ni ọmọ á fi máa jẹun títí eyín náà yóò fi bọ́ fúnra rẹ̀. Ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, adé náà ì bá gba eyín àkọ́kọ́ là.

Mo lọ bá oníkẹ́mísì náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Haba, Anti! Ṣebí yóò bọ́."

Mo yára jáde kí n má baà na ọkùnrin ní gbangba.

Àdùkẹ́ ti tọrọ eyín rẹ̀ tí wọ́n yọ lọ́wọ́ wa, ó sì lọ jù ú sórí òrùlé wọn. Ẹ mọ àṣà náà: ọmọ á ṣa òkúta wẹ́wẹ́, á jù wọ́n pẹ̀lú eyín sórí òrùlé, á sì sá kí alángbá má rí i. Bí alángbá bá rí i, tuntun kò ní hù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òun àti ìyá rẹ̀ padà wá kí n wo ẹnu rẹ̀. Ó la ẹnu, ó fi ìka kan àlàfo náà.

"Anti, ƙadangare ya gan shi ne?"

Ó ń bi mí bóyá alángbá ló rí i. Mo mọ̀ pé bí eyín tuntun yóò bá tilẹ̀ hù, Àdùkẹ́ yóò tó ọmọ ọdún mẹ́wàá kó tó rí i. Mo mọ̀ pé ọyún sì lè ti ba tuntun náà jẹ́. Ìyá rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Rárá o, Àdùkẹ́. Alángbá kọ́. Àwa àgbà la rí i, ọdún kan gbáko, a sì ń wò ó níran."