Bí Orin Oyèwọlé Ṣe Ń Yára Tó

Oyèwọlé tí wọ́n sin lọ́dún 1996 kì í ṣe èèyàn ńlá. Sítóò ló ń tọ́jú níbi iṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Yàrá méjì ló ní ní àdúgbò Ìrẹmọ. Ohun kan ṣoṣo tó yà á sọ́tọ̀ ni pé nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó fọn fèrè idẹ nínú ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe orin jáàsì ní hòtẹ́ẹ̀lì. Súwíìngì ni wọ́n ń pe irú tiwọn, orin tí ń ta pọ́ún-pọ́ún, tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ èèyàn jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n gba orin rẹ̀ kan sílẹ̀. Ẹyọ kan péré. Òun ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Nítorí orin yẹn ni ìjọ fi dá a dúró níbi oúnjẹ Olúwa fún ọdún méjì. Wọ́n ní ó ń sáré jù, ẹran ara ló ń jí. Oyèwọlé ò bá wọn jà. Ó ti fèrè bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Olúṣọlá ọmọ rẹ̀ ò gbàgbé.

Nígbà tí bàbá kú, Ọ̀gbẹ́ni Adédàmọ́lá, olórí akọrin, wá kí wọn nílé. Ó ní orin bàbá ni ìjọ fẹ́ fi sin bàbá. Abọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n Olúṣọlá, sunkún, ó kó kásẹ́ẹ̀tì fún un. Inú Olúṣọlá pàápàá rọ̀ díẹ̀. Ó rò pé wọ́n fẹ́ fi bẹ òkú ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, tí ìsìnkú ku ọjọ́ méjì, ó yà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wo bí àwọn akọrin ṣe ń ṣe rìhásà orin náà. Orin ń lọ. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ń wọ́ bí ejò tó jẹun yó, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ń kérora. Olúṣọlá wo ìka Tìmílẹ́hìn, akọrin tó ń fọn fèrè. Ìka méjì ló fi ń tẹ bọ́tìnnì fèrè níbẹ̀rẹ̀ orin. Bàbá Olúṣọlá kì í tẹ nǹkan kan níbẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ ń fọn yẹn?"

"Orin bàbá ẹ ni," ni Adédàmọ́lá wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Kíì G ni ohùn rẹ̀. Ṣọlá, ìbànújẹ́ inú orin yìí pọ̀."

"Mi ò mọ G. Ìka ni mo mọ̀. Kò sì sí ìbànújẹ́ kankan nínú ẹ̀. Kí lẹ fi gbọ́ ọ?"

"Rédíò mi. Iná ò sí láti ọjọ́ Ajé, bátìrì ni mo lò."

Iṣẹ́ Olúṣọlá nìyẹn. Bátìrì ọkọ̀ ló ń ṣájì ní Òkèrèwè. Kò kàwé kọjá pírámárì fáìfù, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí bátìrì tó ń kú lọ máa ń ṣe. Rédíò á máa fa kásẹ́ẹ̀tì bí aláìsàn. Ìyára orin á dínkù, ohùn á bá a wálẹ̀, orin ayọ̀ á di ẹkún. Ó sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín. Adédàmọ́lá ní, "Ta ló kọ́ ẹ lórin, Ṣọlá? Bátìrì ni àbí ásíìdì?"

Olúṣọlá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ gbé bátìrì kan tó kún wá, ó so rédíò tirẹ̀ mọ́ ọn lórí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì lórí tábìlì Adédàmọ́lá, ó fi í sínú rédíò náà. Fèrè Oyèwọlé bẹ́ jáde. Ó ga, ó mọ́ kedere, ó ń yangàn, gìtá àti ìlù ń lé e kiri. Obìnrin kan láàárín akọrin ti ń mi èjìká kó tó rántí ibi tó wà. Tìmílẹ́hìn gbé fèrè sẹ́nu, ó wá ohùn náà kàn. Kò tẹ nǹkan kan.

Adédàmọ́lá pa rédíò.

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n orin òkú kì í sáré. Bí a ṣe kọ́ ọ la máa lò ó."

"Nígbà tó wà láyé, ẹ ní ó ń sáré jù. Ó kú tán, ẹ tún tẹ bíréèkì fún un."

"Ṣọ́ ẹnu ẹ. Ilé Ọlọ́run lo wà."

Olúṣọlá tú wáyà, ó gbé bátìrì rẹ̀ jáde.

Ní Sátidé, àwọn mẹ́fà ló gbé pósí láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí Ìrẹmọ, níbi tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí lẹ́yìn ilé. Olúṣọlá wà níwájú, lápá ọ̀tún. Àwọn akọrin ṣáájú pósí, wọ́n tò ní méjì-méjì, wọ́n ń wọ́ orin náà nílẹ̀. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Olúṣọlá fi bẹ̀rẹ̀ sí í yára rìn.

"Kí ló dé?" ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bi í.

"Ẹ bá mi ká lọ."

Bí ẹni iwájú bá yára, ẹni ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ dúró, òkú á ṣubú. Wọ́n bá a lọ. Pósí dé ẹ̀yìn akọrin. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí pósí kan òun lẹ́yìn. Àwọn tó gbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn tó wà níwájú. Onílù yára lu ìlù, Tìmílẹ́hìn bá a yára, aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

"Ṣọlá, rọra," Abọ́sẹ̀dé ń ké lẹ́yìn.

Adédàmọ́lá bojú wẹ̀yìn, òógùn bò ó. "Ṣé o fẹ́ pa wá ni?"

"Ẹ máa lọ, sà. Bàbá mi ò ní dúró dè yín."

Ohùn náà ṣì wà nísàlẹ̀. Èyíinì ò ṣeé tún ṣe lójú títì. Ṣùgbọ́n ìyára rẹ̀ ti bọ́ sípò. Olúṣọlá ò dín ìgbésẹ̀ kù títí wọ́n fi dé ẹnu sàréè. Kò sì kí Adédàmọ́lá láti ọjọ́ náà.