Tíṣà Akínbọ̀dé àti Odò Márùn-ún

Ẹ má tíì bínú sí Tíṣà Akínbọ̀dé o. Ẹnu tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì n'Ísẹ́yìn ló gbé wá sí Lilburn, nítòsí Atlanta, sílé Péjú ọmọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan ju "Daddy, ṣé ẹ ti jẹun?" lọ. Péjú á ti lọ shift, Hephzibah ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, á ti ki headphone bọ etí. Ẹnu ń yún bàbá, kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ó ti ń sọ pé òun máa padà sílé.

Àfi bí Gurmeet, aládùúgbò wọn, ṣe kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ kan. Ilé tirẹ̀ ni wọ́n ṣèèṣì já ẹrù Péjú sí, ló bá gbé e wá. Bàbá rí láwàní lórí rẹ̀, ó rí irùngbọ̀n, bíi ti àwọn ará India tó wà nínú ìwé jọ́gíráfì rẹ̀, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

"Punjab!" ni bàbá pariwo. "Ilẹ̀ odò márùn-ún! Jhelum, Chenab, Ravi, Beas, Sutlej! Wọ́n pín in sí méjì ní 1947, Pakistan mú Lahore, India wá lọ kọ́ Chandigarh. Àlìkámà yín ńkọ́? Èwo nínú àwọn odò yẹn ló gba ìlú yín kọjá?"

Gurmeet lanu sílẹ̀. "Sir, California ni wọ́n bí mi sí. Truck ni mò ń wà."

Ẹlòmíràn ì bá tọrọ àforíjì. Tíṣà? Àánú ọkùnrin náà ló ṣe é! Ó ní kó jókòó. Kí Gurmeet tó dìde, wákàtí méjì ti lọ, ó sì ti bẹ bàbá pé kó jọ̀ọ́, kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ òun mẹ́ta ní gbogbo Sátidé, torí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Punjab kò ju búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí ìyá wọn ń yan lọ.

Péjú fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. "Daddy, ẹ̀yin ọmọ Ìsẹ́yìn lẹ fẹ́ lọ kọ́ ọmọ Punjab ní Punjab? Ṣé ẹ ti débẹ̀ rí ni?"

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti dé ọ̀run rí tó o fi ń kọ́ wọn ní Sunday school?"

Péjú mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó jáde.

Bí Tíṣà ṣe de táì nìyẹn, tó mú ṣọ́ọ̀kì, tó wọ́ Hephzibah tẹ̀lé ara rẹ̀ lọ sí gáréèjì Gurmeet. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, àwọn ọmọ ti ń ka odò bí ẹni ń ka ABD. Bàbá kò dárúkọ ilé mọ́.

Ìgbà náà ni ìyá Gurmeet dé láti California. Etí odò Beas gan-an ni wọ́n bí màmá sí, ó sì ní òun máa wá jókòó sí kíláàsì. Àyà Tíṣà já. Bí màmá yìí bá fi lè ní irọ́ ni, ó parí nìyẹn. Kí wọ́n yáa ra tíkẹ́ẹ̀tì Ìsẹ́yìn fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí yìnyín ṣe ń yọ́ lórí òkè Himalaya, bí Beas ṣe ń kún, Gurmeet sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún màmá. Màmá bú sẹ́kún. Ó sọ̀rọ̀ sétí ọmọ rẹ̀.

"Ó ní ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti wẹ̀ níbẹ̀ rí," ni Gurmeet wí.

Orí Tíṣà wú! Hephzibah dìde, ó ka odò márààrún láìsinmi. Màmá pàtẹ́wọ́, ó tún bi í ní nǹkan kan.

Gurmeet túmọ̀ rẹ̀: "Odò ìlú bàbá rẹ àgbà ńkọ́?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó wojú bàbá, ó wo àjà.

"Chattahoochee?" ló wí, odò tó ń ṣàn nítòsí Atlanta níbí.

Ó dun Tíṣà dé eegun, ojú sì tì í, torí kò sẹ́lòmíràn tó lè dá lẹ́bi. Ó mú àkísà, ó nu Beas kúrò lójú pátákó, ó nu Sutlej, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: Ògùn, Ọ̀ṣun, Ọbà.

"Ẹ mú ìwé yín," ló wí.

Màmá Gurmeet ló kọ́kọ́ nawọ́ pé kí wọ́n fún òun ní bírò.