Bàbá Mi Lórí Páànù

Bàbá mi kì í bẹ ènìyàn fún nǹkan. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, tí mo ti kó wọn kúrò ní ilé wọn ní Bárúwà wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Ìgándò, bí ebi bá ń pa wọ́n, wọn á jókòó títí a ó fi rántí. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ mọ́ ní ọ̀sán Sátidé yẹn, nígbà tí wọ́n kojú sí tẹlifíṣọ̀n tí kò mọ́, tí wọ́n wò mí, tí wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi wá nǹkan ṣe sí i."

Obìnrin kan tí òun àti màmá mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan fẹ́ tún ìdíje àwọn akọrin kan fi hàn ní agogo mẹ́rin, ìdíje tí ẹgbẹ́ wọn kópa nínú rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Màmá mi ló dá orin lọ́jọ́ náà tí àwọn yòókù ń gbè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi í hàn, kò síná ní gbogbo àdúgbò, a kò rí i. Màmá mi fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà, wọ́n ní Ọlọ́run ló yọ àwọn nínú ìtìjú. Màmá mi kò fẹ́ràn kámẹ́rà rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù sókè, wọn á fi ọwọ́ bojú. Fọ́tò wọn díẹ̀ wà nílé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n kú ni a tó mọ̀ pé kò sí ibì kankan tí a ti lè gbọ́ ohùn wọn.

Mo sọ fún bàbá mi. Wọ́n lọ wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n wá jókòó sí pálọ̀ láti agogo kan.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìdímù. Mo lè kọ́ ọmọ ní ìwé, ṣùgbọ́n n kò mọ nǹkan kan nípa áńtẹ́nà. Ọkọ mi tó máa ń bá a fínra ti lọ sìnkú ẹbí rẹ̀ kan ní Oǹdó. Ohun tí mo ti rí i tó ń ṣe ni èmi náà ṣe. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo tún un tàn. Mo yọ wáyà áńtẹ́nà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo fi bíléèdì ha ẹnu wáyà náà títí ó fi ń dán, mo dá a padà. Mo ní kí ẹ̀rọ náà tún wá gbogbo ilé-iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n lórí èyí tí a ń wá, òjìji ènìyàn lásán ni a ń rí láàárín àmì funfun tóótòòtó, ohùn sì ń hó bí epo gbígbóná.

Mo pe oníṣẹ́ tó bá wa gbé áńtẹ́nà náà kọ́. Ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, pé ó di agogo márùn-ún. Mo ṣàlàyé fún un pé agogo mẹ́rin ni ohun tí a fẹ́ wò. Ó bẹ̀ mí, ó ní bóyá ìjì àná ló yí ọ̀pá náà kúrò níbi tó kọjú sí, kí n wá ẹni tó lè yí i padà. Mo lọ bi Àlàájà tó ń gbé apá kejì ilé wa bóyá tẹlifíṣọ̀n tiwọn ń mú ilé-iṣẹ́ yẹn. A wá a títí, kò sí níbẹ̀, nítorí díìṣì ni wọ́n ń lò.

Agogo mẹ́ta ti fẹ́ lù. Mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ sáré wá ẹnì kan wá láti ìkóríta, kí wọ́n má dìde. Wọ́n ní ó dáa.

Ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí mo lọ, títì ni mo bá a. Obìnrin tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀gá náà ti lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìkọ̀tún. Mo lọ sí òmíràn, ẹni tó wà níbẹ̀ ní fóònù nìkan ni òun ń tún ṣe, òun kì í gun òkè. Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé, mò ń wo aago, mò ń ro ohun tí n ó sọ fún bàbá mi.

Bí mo ṣe ṣí géètì, sálúbàtà wọn ni mo rí. Wọ́n tò ó sí ẹsẹ̀ àkàbà ilé wa tí wọ́n gbé ti ògiri, ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì, bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí.

Bàbá mi ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, òòyì sì máa ń kọ́ wọn. Dókítà ti sọ ọ́ lójú mi pé kí wọ́n má gun ohunkóhun tó ga. Mo gbójú sókè, mo rí wọn lórí páànù, wọ́n di ọ̀pá áńtẹ́nà mú bí ẹni di ọ̀pá ìtilẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Mo ti débí ná. Wọlé lọ wò ó, kí o máa sọ fún mi bó bá ti mọ́."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí n di àkàbà yẹn mú, kí n má kúrò nídìí rẹ̀ títí wọn yóò fi sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, èmi náà fẹ́ gbọ́ ohùn màmá mi. Mo wọlé.

Láti ojú fèrèsé ni a ti ń pe ara wa. Wọ́n á bèèrè bóyá ó ti mọ́, n ó ní kò tíì mọ́. Mò ń gbọ́ bí ọ̀pá ṣe ń ha ara irin tí wọ́n so ó mọ́, mò ń gbọ́ bí páànù ṣe ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́ẹ̀kan náà ni àwòrán dúró, ó mọ́ kedere, mo rí obìnrin tó ń polówó ọṣẹ. Mo kígbe pé ó ti mọ́. Wọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀, ó tún bàjẹ́. Wọ́n dì í mú, ó mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe é bẹ́ẹ̀, títí ó fi yé wa pé ìgbà tí ọwọ́ wọn bá wà lára ọ̀pá nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ ìbéèrè mọ́. Àwòrán ṣì mọ́. Mo dúró, mo pè wọ́n, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni mò ń gbọ́.

Mo sáré jáde, mo fi ẹ̀yìn rìn títí mo fi kan fẹ́ǹsì kí n tó rí wọn. Wọ́n ti jókòó lórí páànù. Wọ́n fi apá méjèèjì gbá ọ̀pá mọ́ra, wọ́n gbé orí lé e.

"Òòyì," ni wọ́n wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀ débi pé ẹnu wọn ni mo wò kí n tó mọ ohun tí wọ́n sọ.

Àlàájà ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n jáde sí wa, omi ń kán ní apá wọn, wọ́n di àkàbà mú.

"Gòkè lọ. Má fà wọ́n o. Jókòó tì wọ́n, kí o di aṣọ wọn mú. Mo fẹ́ pe àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lẹ́yìn fẹ́ǹsì."

N kò gun òrùlé rí láyé mi. Orí eékún ni mo fi rìn, mò ń tọ ibi tí ìṣó tò sí, nítorí ibẹ̀ ni igi wà lábẹ́ páànù. Páànù náà gbóná, ó ń jó mi ní àtẹ́lẹwọ́. N kò wo ilẹ̀. Ọ̀ọ́kán ni mò ń wò, níbi tí èéfín ààtàn Solous ti ń gòkè, tí àwọn lékèélékèé ń fò lórí rẹ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, mo di aṣọ wọn mú níbàdí. Òógùn wọn tutù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀, kí wọ́n di èmi mú.

"Bí mo bá fi sílẹ̀, ó máa parẹ́," ni wọ́n wí.

Àlàájà ti lọ pe àwọn bíríkìlà náà. Bí Àlàájà ṣe ń padà bọ̀, wọ́n gba pálọ̀ wa kọjá, wọ́n rí i pé ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè dé òpin. Mo gbọ́ atọ́kùn tó dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo gbọ́ dùùrù. Lẹ́yìn náà ni ohùn màmá mi gba ojú fèrèsé jáde, ó tún gba inú àjà bọ́ sí abẹ́ páànù tí a jókòó lé.

N kò lè sọ pé mo gbádùn rẹ̀. Bí bàbá mi ṣe ń mí ni mò ń kà. Ìka mi ti kú sí aṣọ wọn, mo sì ń rò ó pé bí wọ́n bá yẹ̀, agbára mi kò lè gbé wọn dúró, àwa méjèèjì ni a máa lọ. Wọn kò sunkún. Ẹnu wọn ń mì díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i pé ègbè orin náà ni wọ́n ń gbè, láìjẹ́ kí ohùn jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà, àgbàlagbà kan, gun àkàbà tiwọn wá pẹ̀lú okùn. Ó rọra bi mí bóyá bàbá lè dìde. Bàbá mi na ìka kan sókè sí i, kó dúró ná. Ọkùnrin náà wojú mi, ó lóṣòó sẹ́bàá òrùlé, ó dúró. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì.

Ìgbà tí àtẹ́wọ́ dún ni bàbá mi fúnra wọn fi ọ̀pá sílẹ̀, tí ariwo híhó náà sì bo gbogbo rẹ̀. Wọ́n so okùn mọ́ wọn ní ìbàdí, bíríkìlà kejì sì di ìyókù rẹ̀ mú lórí òrùlé. Ọkùnrin tó gbé okùn wá ṣíwájú wọn sọ̀kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ wọn lé àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Ó ku mẹ́ta kí wọ́n kanlẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn tàsé. Okùn gbé wọn dúró.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni oníṣẹ́ tó wá, tó fi hàn wá pé áńtẹ́nà kò ní àbùkù kankan. Ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ lábẹ́ òrùlé ló ti là, tí omi wọ̀ ọ́, tó sì dógùn-ún. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Kò sí ẹni tó nílò láti gun páànù rárá.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé yẹn, ọsibítù ni a gbà lọ. Nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé wa, mo bá bàbá mi wí bí mi ò ṣe bá wọn wí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ẹ̀jẹ̀ wọn ga nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kò ga tó bí mo ṣe bẹ̀rù. Nọ́ọ̀sì ní kí a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n sinmi, òun á tún un wọ̀n.

Ibẹ̀ ni a wà, tí mo ṣì di ọwọ́ wọn mú, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ohùn rẹ̀ há ní ẹsẹ kejì," ni wọ́n wí. "Ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ní kó má lọ."

N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni màmá mi wá sọ.

"Kò dá mi lóhùn. Ó mu omi ata ilẹ̀ tí mo sè fún un, ó mú ìwé orin rẹ̀, ó jáde."

Nọ́ọ̀sì pè wá. Mo di apá bàbá mi mú, a rọra dìde, a wọlé lọ.