Lẹ́tà Asíráńsì Tí Mo Fi Omi Tútù Gbà Padà

Nígbà tí mo fi máa gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ìjọba kò gba òṣìṣẹ́ mọ́. Ìsọdọ̀tun ìjọba tiwa-n-tiwa ni wọ́n ń pe ìgbà náà nínú rédíò. Gbogbo ènìyàn lómìnira láti sọ̀rọ̀, àwa tí a kàwé sì lómìnira láti jókòó sílé. Odidi ọdún méjì ni mo fi jókòó ní Alafiarou tí bàbá mi ń wò mí bí ẹni tó ń wo iṣu tí kò ta. Kò bú mi. Ó kàn ṣán ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rẹ̀, ó ní tèmi ni, ìgbàkígbà tí mo bá ti ṣe tán.

Mi ò fẹ́ ṣe tán. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ilé iṣẹ́ asíráńsì kan ní kí n wá ṣí bùró kékeré sí Tchaourou, mo ti di ẹrù mi kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Yàrá kan péré ni bùró ọ̀hún, láàárín aránṣọ kan àti ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà alùpùpù. Iṣẹ́ mi ni kí n wá àwọn tí yóò máa san díẹ̀ lọ́dọọdún lórí ọkọ̀, alùpùpù tàbí ṣọ́ọ̀bù wọn, kí ilé iṣẹ́ lè dúró tì wọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá mi ní Parakou kò fọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀: ọgbọ̀n oníbàárà kí iṣu tuntun tó jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò ti bùró náà pa. Bí wọ́n bá tì í, ilẹ̀ tí bàbá mi ṣán ló kù fún mi.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹni mẹ́rin ló wọlé. Àwọn méjì béèrè ọ̀nà, ọ̀kan fẹ́ ṣẹ́ owó, ẹnì kẹrin sùn lórí àga nítorí òòrùn mú lóde. Ọ̀gá mi wá fi ìwé pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ sí mi ní èdè Faransé, èyí tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi lẹ́tà fa oníbàárà. Ìwé náà ní kí n má ṣe dúró de ènìyàn, kí n kọ̀wé sí i nílé. Kí n pè é lórúkọ. Kí n má sọ̀rọ̀ nípa ara mi, kí n sọ̀rọ̀ nípa tirẹ̀, kí n sì jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tó lè pàdánù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn débi pé mi ò jẹun ọ̀sán.

Mo yá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ẹ̀kọ́, mo sì tẹ ogójì lẹ́tà. Ọmọ agbègbè náà ni mí, mo mọ ohun tí olúkúlùkù ní. Mo kọ sí bàbá kan ní Sanson, tí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń kó kájú: bí ọkọ̀ yín bá já sínú odò lọ́la, ta ni yóò gbà yín? Mo kọ sí obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Tchaourou: iná lè jó ṣọ́ọ̀bù yín lóru òní, kí lẹ ó ṣe? Mo kọ sí ọkùnrin kan ní Bétérou: ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù gba orí afárá lójoojúmọ́, ṣé ẹ ti ronú nípa ẹsẹ̀ yín méjèèjì? Ní Faransé, ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni gbogbo rẹ̀. Mo lu òǹtẹ̀ bùró sí abẹ́ wọn.

Lápósì, ilé ìfìwéránṣẹ́, kì í gbé lẹ́tà dé ilé ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wa. Mo kó wọn fún àwọn awakọ̀ taksí, àwọn yẹn sì kó wọn fún tísà, fún lèmọ́mù, fún katekísì, fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kà. Bí wọ́n ṣe máa ń ka lẹ́tà lábúlé náà ni wọ́n ṣe kà wọ́n: lábẹ́ igi máńgòrò, ní Nàgó tí à ń sọ nílé, lóhùn rara, tí wọ́n ń pe orúkọ oníkálukú síta. Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ aburú mọ́ ènìyàn àfi ọ̀tá rẹ̀. Èmi tí mo mọ èyí láti kékeré ni mo jókòó, tí mo kọ èpè ogójì, tí mo sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Obìnrin aláṣọ ló kọ́kọ́ dé. Ó fi ewé wé lẹ́tà náà kó má baà kàn án lọ́wọ́, ó sì jù ú sórí tábìlì mi.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Tata, ẹ má bínú. Asíráńsì ni."

"Mi ò béèrè asíráńsì. Ìwọ lo ní kí ṣọ́ọ̀bù mi jó?"

"Mo ní bó bá jó ni."

"Èmi tí mo ni ín, mi ò ronú ẹ̀ rí. Ìwọ lo ronú ẹ̀."

Kó tó di ọ̀sán, ọkùnrin Bétérou dé, ó ní láti ọjọ́ Jímọ̀ ni òun ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Ti bàbá ọlọ́kọ̀ ló wá le jù. Awakọ̀ rẹ̀ ti kọ̀, kò ní wa ọkọ̀ náà mọ́, kájú sì wà nílẹ̀ lápò-lápò tí òjò ń ṣú. Bàbá náà kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Ṣé patron ẹ ní Parakou ló ní kó o kọ ọ́, àbí ìwọ fúnra ẹ?"

"Èmi fúnra mi ni, tonton."

"Dakọ́ọ̀, mo ti gbọ́. Ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ náà lo ti máa gbà á padà."

Kò sẹ́ni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ burúkú padà níbẹ̀. Ẹnu tó sọ ọ́ ni yóò gbà á. Wọn á bu omi tútù sínú igbá, onítọ̀hún á mu nínú rẹ̀, á ta díẹ̀ sílẹ̀, á sì máa yí ọ̀rọ̀ náà sí rere lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé ẹnu mi kò sọ nǹkan kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló sọ ọ́. Mo wo ojú bàbá náà, mo sì dìde.

Mo yá alùpùpù ọ̀rẹ́ mi tó ń lẹ táyà, mo forí lé Sanson. Gbogbo abúlé ti jáde. Mo gbé igbá dání, mo ní ọkọ̀ yìí kò ní já sódò, yóò lọ, yóò sì bọ̀. Wọ́n ṣe àmín. Awakọ̀ náà ní mi ò tíì dárúkọ táyà. Mo ṣàdúrà fún táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tún ní kí n má gbàgbé bíréèkì. Àárín àdúrà yìí ni ojú mi là sí ohun tí mo ń ṣe. Èmi aṣojú asíráńsì ni mo dúró síwájú èrò, tí mo ń fi omi búra fún wọn pé ohunkóhun kò ní ṣe wọ́n láyé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ti bùró mi pa.

Bàbá ọlọ́kọ̀ náà rí i.

"Ó dáa," ó ní. "Tí nǹkan kan ò bá ní ṣe ọkọ̀ mi, kí wá ni ìwé ẹ wà fún?"

Ìyá rẹ̀ àgbàlagbà, tó jókòó sórí ẹní tó ń run orín, ló dá a lóhùn.

"Torí kí ẹnu wa má baà máa sọ ọ́ ni. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n tì í mọ́nú àpótí. Àwa á wá máa sọ ti rere."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n mú ìwé náà wá. Ọjọ́ yẹn ni mo ní oníbàárà àkọ́kọ́, mo sì jí ọ̀rọ̀ ìyá náà gbé láìtijú, mo ń gbé e kiri láti abúlé dé abúlé. Ní Bétérou, mo ṣàdúrà fún ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn méjèèjì, ó ní kí n fi ti ìyàwó òun kún un nítorí òun ló ń jókòó sẹ́yìn. Tata aláṣọ náà sì forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú mi ta omi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní Alafiarou, bàbá mi wà láàárín èrò. Ó fi fìlà lé orúnkún, ó wò mí títí mo fi ṣe tán, ó sì dìde lọ.

Nígbà tí iṣu tuntun fẹ́ẹ̀ jáde, mo kà wọ́n: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀gá mi ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Mo lọ síhìn-ín, mo lọ sọ́hùn-ún, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí mo ń to ìwé jọ bí ẹni tó ń múra àtilọ, bàbá mi wọlé. Kò dé bùró náà rí. Ó jókòó, ó wo ògiri, ó wo òrùlé.

"Lẹ́tà tèmi dà?"

Ẹ̀rín pa mí. "Bàbá, èpè ni lẹ́tà ọ̀hún. Àwọn tó gbà á ló ń dá a padà."

"Mo gbọ́. Àwọn èèyàn Alafiarou gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọmọ mi, wọ́n bi mí pé tèmi ńkọ́. Mi ò rí nǹkan sọ."

"Ẹ ò ní ohun tó ń mu epo, Bàbá."

"Mo ti ní in báyìí."

Mo yọjú síta. Alùpùpù àlòkù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà so iná iwájú rẹ̀, ọkùnrin tó tà á fún un sì dúró tì í. Bàbá mi tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí.

"Ta ló sọ fún yín pé ó ku ẹnì kan?"

"Aránṣọ ẹ ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá."

"Ta ni yóò máa gùn ún?"

"Ìwọ. Tí bùró bá fún ẹ láyè ní Dimáǹsì, ọjọ́ ìsinmi, wàá fi máa wá wò mí."

Ó wá ní, "Ilẹ̀ yẹn, mo ti fún àbúrò ẹ. Ó ti kọ ebè sí i."

Láti ọdún tí mo ti ń sá fún ilẹ̀ náà, mo rò pé ọjọ́ tí mo bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni n ó jó. Inú mi dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pẹ̀lú, ó dùn mí gan-an, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bírò tó wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà ọgbọ̀n. Bàbá mi ti ìka rẹ̀ bọ yíǹkì, ó ní kí n fi ibi tí òun yóò tẹ̀ ẹ́ sí han òun.