Báàjì Tí Mo Yàn Fún Ọmọ Mi

Òórùn aṣọ tuntun tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, mo ń tẹ ìṣẹ́tí yẹ̀rì ilé-ìwé kan tí oníbàárà fẹ́ wá gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti wọ́n omi sí i, èéfín funfun sì ń rú jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, nígbà tí ọmọbìnrin mi sáré wọlé, tó na ìwé kan sí mi láàárín èéfín náà. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà yẹn. Òun nìkan la bí.

Fọ́ọ̀mù káǹpù ni, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe káǹpù náà nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nínú ọgbà ilé-ìwé kan ní Apapa. Wọ́n á máa lọ láàárọ̀, wọ́n á máa bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yan ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ fi gba báàjì, kó sì ti máa múra rẹ̀ sílẹ̀ kí káǹpù tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá kẹ́yìn, wọ́n á dán an wò, ẹni tó bá yege á gba báàjì aláṣọ róbótó kan tí wọ́n á rán mọ́ apá ẹ̀wù rẹ̀. Àǹtí tó jẹ́ alákòóso wọn ní ìlànà kan tó máa ń tẹ̀ lé: ọmọ ni yóò fi pẹ́ńsùlù kọ ohun tó yàn, òbí ni yóò wá fi báírò kọ ọ́ lé e lórí, kó tó fọwọ́ sí i. Ó ní ìyẹn lòun fi ń mọ̀ pé òbí àti ọmọ ti jọ sọ̀rọ̀.

Mo ka ohun tí wọ́n tò síbẹ̀: okùn dídì, oúnjẹ sísè, ìtọ́jú ẹni tó fara pa, aṣọ rírán, ìlúwẹ̀ẹ́. Kí n tó kà á tán, mo ti fi ọkàn yan aṣọ rírán fún un. Ọmọ aránṣọ, kí ló tún kù? Àfi ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ìwé, tí mo rí ohun tó fi pẹ́ńsùlù kọ síbẹ̀ gàdàgbà: Ìlúwẹ̀ẹ́.

Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, tí kì í sọ nǹkan míì ju pijin lọ, ti na ọrùn wo ìwé náà. Ó ní, "Madam, your pikin wan turn fish?"

Ọmọ mi dá a lóhùn pé, "Uncle, no be fish. Na captain."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń gbóòórùn aṣọ tó ń jó. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí yẹ̀rì náà, mo ní kó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, màá kọ ọ́.

Kí n sọ òótọ́, mo bẹ̀rù omi. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, òjò kan rọ̀ tí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wa kún bo ojú ọ̀nà, mo sì gbẹ́sẹ̀ lé ibi tí mo rò pé ilẹ̀ ni. Ìyá kan tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa ló di kọ́là ẹ̀wù mi mú, tó fà mí jáde. Ohun tí mo rántí níbẹ̀ ni pé etí mi di, mi ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan tèmi. Títí di òní, mi ò lè kọ ẹ̀yìn sí dúróòmù tí omi kún inú rẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kirikiri Lighter Terminal, lórí àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ń kó ẹrù lórí omi; òun ló ń mú okùn tí wọ́n bá jù, tó ń so ó mọ́lẹ̀. Tó bá ti jáde láàárọ̀, mi ò kì í ronú nípa ibi tó ń lọ. Mo ti kọ́ ara mi bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní tún lọ wọ inú omi!

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọmọ mi lọ sí lẹ́sìnì, mo tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Mo mú rọ́bà tí mo fi ń pa àmì pẹ́ńsùlù rẹ́, mo sì pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi máa ń tẹ pẹ́ńsùlù mọ́ ìwé gan-an, nítorí náà ojú ibẹ̀ ṣì jin díẹ̀. Mo fi báírò kọ "Aṣọ rírán" sí i, mo fọwọ́ sí i, mo fi í sínú àpòòwé, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tó dé, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti kọ ọ́?"

Mo ní, "Mo ti kọ ọ́."

Irọ́ kọ́ ni. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí káǹpù bẹ̀rẹ̀, mi ò sì rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi á bu omi sínú bàsíà ìfọṣọ, á ki ojú bọ̀ ọ́, bàbá rẹ̀ á jókòó sórí àpótí, á máa ka ení, èjì sókè. Tó bá gbé ojú sókè, tí omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, á béèrè pé, "Dádì, mélòó ni?"

"Mọ́kàndínlógún. Mẹ́rìndínlógún ni lánàá."

Wọ́n á jọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà á máa kà á nínú yàrá, láìjẹ́ pé mo fẹ́ kà á. Ní ṣọ́ọ̀bù, á dọ̀bálẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, á máa fi ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́. Atúnbàtàṣe á ní, "Captain, you don reach Kirikiri?" Òun náà á ní, "I never reach, Uncle. Traffic dey." Èmi á máa wa ẹ̀rọ mi lọ, mi ò ní gbójú sókè.

Lọ́nà tèmi, mo ń múra rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kó wá jókòó tì mí, kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ rán ojú bọ́tìnì àti bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ tí òwú kò fi ní hàn níta. Ó ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dá abẹ́rẹ́ dúró, ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ ṣe ń kánjú kọ́ mi báyìí?" Mo ní ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìgbà mẹ́ta ni mo la ẹnu láti sọ òótọ́ fún un, mo ṣì rántí ibi tí mo dúró sí nígbà kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá gé aṣọ oníbàárà sódì, mo máa ń sọ fún un kó tó wọ̀ ọ́. Ọmọ mi ni mi ò sọ fún.

Lọ́jọ́ tí káǹpù bẹ̀rẹ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ láti Boundary, a sọ̀ kalẹ̀, a wá fẹsẹ̀ rìn ní etí Liverpool Road lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tírélà tó tò síbẹ̀. Ọmọ mi gbé àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí bàbá rẹ̀ rà fún un ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fìlà rọ́bà. Mo ń gbàdúrà pé kí ìwé wa ti sọnù.

Àǹtí alákòóso dúró lórí pèpéle, ó ń pe orúkọ. Ó pe àwọn ti ìlúwẹ̀ẹ́, ọmọ mẹ́wàá péré ni púùlù ilé-ìwé náà lè gbà. Ọmọ mi ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Wọn ò pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é sí aṣọ rírán, ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe wà níbẹ̀."

Àǹtí náà kò bínú. Ó wá fọ́ọ̀mù náà jáde, ó sì fi hàn án. Ọmọ mi gbé ìwé náà sí apá ibi tí oòrùn ti ń wá, ó rọra fi ìka tọ ojú ibi tó jin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Kò pẹ́ rárá. Ó dá ìwé náà padà, ó ní, "Kò sí àṣìṣe, Àǹtí. Mo gbàgbé ni."

Ó bò mí láṣìírí, èmi ìyá rẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn. Mo ṣì lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Ó rìn wá bá mi, ó fi àpò ọ̀rá náà sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ bá mi gbé e lọ sílé, Ma."

Ọ̀sẹ̀ méjì náà kọjá, ó ń kí mi, ó ń jẹun, ó ń dá mi lóhùn tí mo bá bi í ní ọ̀rọ̀. Kò ki ojú bọ bàsíà mọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ béèrè, ó ní àwọn tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé báàjì róbótó kan tí wọ́n ya abẹ́rẹ́ àti òwú sí kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ mi. Ó ní, "Ẹ gba báàjì yín, Mọ́mì. Wọ́n ní ojú bọ́tìnì yẹn dáa."

Mo ní, "Má bínú." Mi ò rò pé mo ti sọ gbólóhùn yẹn fún un rí látìgbà tí mo ti bí i. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdí tó fi fẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́.

Ó ń fi èékánná ha igi tábìlì. Ó ní, "Dádì ò mọ̀ ọ́n. Mo bi wọ́n. Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí ẹnì kan mọ̀ ọ́n nínú ilé wa."

Nígbà tí ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́, mo ní, "Dádì, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ò mọ ìlúwẹ̀ẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi? Okùn ni mo mọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wọ̀ fún wa ló máa gbé mi léfòó." Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń ṣiṣẹ́ lórí omi, mi ò bi í rí. Ọmọ ti bi í. Ẹ̀rù tó ń bà mí gan-an ló ń ba ọmọ mi náà. Ohun tí èmi ń sá fún ni òun fẹ́ lọ kọ́.

Báàjì náà ṣì wà nínú agolo bọ́tìnì mi. Kò gbà kí n rán an mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, mi ò sì rọ̀ ọ́. Nígbà míì tí mo bá ń wá bọ́tìnì, ọwọ́ mi á kàn án. Mo ti wá mọ̀ pé ẹ̀rù mi kò dáàbò bo ọmọ náà fún ọjọ́ kan. Ṣe ló fi í sílẹ̀ kó máa dá ṣọ́ bàbá rẹ̀, láìmọ omi, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, fọ́ọ̀mù tún dé. Mo fi báírò tẹ̀ lé ojú pẹ́ńsùlù rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo rọra ṣe é bí ẹni ń fọwọ́ rán ojú bọ́tìnì. Lọ́jọ́ ìdánwò, mo jókòó sí etí púùlù pẹ̀lú àwọn òbí yòókù, mo di aṣọ ìnura rẹ̀ mú bí ẹni di kọ́là ẹ̀wù èèyàn mú. Ó gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ láti òpin kan dé èkejì. Kò tíì gbéra, ojú mi ti ń wá ibi tó jin jù nínú omi náà. Ó rí mi. Ó rọ̀ mọ́ etí ibẹ̀, ó ti fìlà rọ́bà rẹ̀ kúrò létí, ó ní:

"Mọ́mì, ẹ má wo omi. Èmi ni kí ẹ máa wò."