Ọwọ́ Tó Wẹ Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ní aago méjì ọ̀sán, ìyá wa wọ àgbàlá ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Agége. Aago yẹn dá mi lójú, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléeṣẹ́ tuntun kan ní Ìkẹjà dé ni, kò tíì bọ́ kakí tó fi ń ṣiṣẹ́. Póótímáńtò kan, tí ẹrù kún inú rẹ̀, ló wà lórí ìyá wa. Èmi ni mo bá wọn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n tó mọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ sí Kúmásì, ní Góòlù Kóòsì, mò ń rákòrò ni. Ẹnu àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ni mo ti gbọ́ nípa ìlọ náà, ẹnu wọn kò sì kò. Èyí obìnrin sọ pé òru ni wọ́n lọ, wọn kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Èyí ọkùnrin sọ pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, pé wọ́n jí òun, wọ́n fi àkàrà sí òun lọ́wọ́. N kò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Mo kàn mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti ń jowú àkàrà yẹn.

Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó yẹ kó máa wẹ ọmọ, ń ṣàìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ń fi ìbẹ̀rù rọra nu ọmọ náà.

"Mo gbọ́ ní Kúmásì pé o lóyún," ni ìyá wa wí. "Mo ní kí n wá bá ọ wẹ ọmọ."

"Nígbà tí mò ń wẹ àbúrò mi yìí, tí èmi náà ṣì kéré, ta ló wá bá mi?" ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó máa ń fi àwàdà bo gbogbo nǹkan, ní, "Ìyá, ẹ ò bá kúkú dúró kí ọmọ náà gbéyàwó kí ẹ tó dé." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ló bá kọjú sí mi: "Akọ̀wé, ìwọ tó o kàwé dé Ìbàdàn, kí ni ìwé wí?"

Mo ní ìwé kò wí nǹkan kan.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú yàrá, kò sì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ gbé e, ó nà án sí ìyá wa. "Ẹ wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ jù ú sókè."

Gbogbo wa la mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ìyá àgbà tó bá wẹ ọmọ tuntun tán, á jù ú sókè, á sì gbà á mú, kí ọmọ má baà máa bẹ̀rù. Ẹni tí o bá jẹ́ kó ju ọmọ rẹ, o ti gbà pé yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń bọ̀ wálẹ̀.

Ìyá wa jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ lé ojúgun. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀ yípo, wọ́n fi òrí pa á lára. Mo ń wo ọwọ́ wọn. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ yẹn ti tẹ orí tèmi náà bẹ́ẹ̀. Ara mi nìkan ni ìbá jẹ́rìí, ara mi kò sì rántí.

"Ṣé ẹ máa ń ju èmi náà?" Ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde kí n tó rò ó.

"Ìwọ kẹ̀? Àwọn yòókù ń ké. Ìwọ nìkan lo máa ń rẹ́rìn-ín."

Ìyá yòówù lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kò rántí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n gbé e sókè díẹ̀, ọwọ́ wọn dúró, wọ́n wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Òun ń wo póótímáńtò lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ojú irin kan ń kọjá lẹ́yìn ilé. A dúró kó lọ tán.

"Ẹ jù ú," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

N kò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà. N kò mọ̀ bóyá ìyá wa ti pinnu láti dúró. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé ọmọ náà lọ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọwọ́ ìyá wa sì wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.