Ọ̀rọ̀ Ọwọ́ Tí Ẹnu Mi Gbé Mì

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ó lè yà yín lẹ́nu, nítorí òun kò sí níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni mo dúró sí, ohùn mi sì ni gbogbo èèyàn gbọ́. Síbẹ̀, ìgbà tí obìnrin náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, tó fìdí lé àpótí, tó ní, “Ọkọ mi, mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹ má bínú,” ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ara mi.

N ò ní kánjú sọ ọ́. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀.

Adití ni ẹ̀gbọ́n mi. A kò bí i bẹ́ẹ̀. Ibà kan ló dá a dùbúlẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí ibà náà sì máa lọ, ó kó etí rẹ̀ méjèèjì dání. Iṣẹ́ alùpùpù títún ṣe ló ń ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà ọjà ńlá ní Bouaké, àwọn ọlọ́kọ̀ tasí-mótò sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tó létí lọ. Kì í bi wọ́n pé kí ló ṣe ọkọ̀. Á ní kí wọ́n ṣáná sí i, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, á sì nàka sí ibi tí àìsàn rẹ̀ wà. Àwọn Júlà, ọmọ ilẹ̀ náà, tó ń pe àwa Yorùbá ní Ànàgó, fún un lórúkọ kan tó túmọ̀ sí Ànàgó tó ń fi ọwọ́ gbọ́ràn.

Ọdún méjì ló fi jù mí lọ. Bó bá jẹ́ ẹnu la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, “wọ́n” ni ǹ bá máa fi pè é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ la ń lò láti kékeré, ọwọ́ kò sì mọ “ẹ” yàtọ̀ sí “o”. Ìka tí a nà sí ọmọdé náà la nà sí àgbà. Ìdí nìyẹn tí n ó fi máa pè é ní “ó”, kí ẹ̀yin ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ má wá sọ pé n ò lẹ́kọ̀ọ́.

Nídìí àwo oúnjẹ ni àwa méjèèjì ti ṣẹ̀dá èdè ọwọ́ tiwa. Bí ìyá wa bá ń bu ìrẹsì fún un, tí ó bá ti pọ̀ tó lójú rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan nu èkejì, fìà, bí ẹni tó ń gbọn èlùbọ́ dànù. Ó tó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tó yá, wọ́n mú un lọ sí ilé ìwé àwọn adití, ó kọ́ èdè ọwọ́ gidi. Lẹ́yìn náà ló pàdé ìyàwó rẹ̀, tó gbọ́ èdè náà dunjú nítorí àbúrò tirẹ̀ náà jẹ́ adití. Bí tọkọtaya náà bá jókòó, ọwọ́ wọn á máa dún bí ẹyẹ ẹ̀ga. Èmi dúró síbi àwo ìrẹsì. Ohun tí mo mọ̀ lọ́mọdé ni mo mọ̀ títí dòní.

Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin wa ní Bouaké, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, máa ń kó ara wọn lọ sí oko kan lójú ọ̀nà Béoumi fún ọjọ́ mẹ́ta. Rètírẹ́ẹ̀tì la ń pè é. Kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí fóònù, kò sí obìnrin. Wọ́n ń kọ́ wa bí ọkùnrin ṣe ń tún inú ara rẹ̀ ṣe: bí a ti ń ṣẹ́gun ìbínú, bí a ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ láìmú pàṣán, bí ẹnu wa ṣe lè gbà á láti sọ fún ìyàwó pé a ṣìṣe. Ní ọjọ́ ìkẹyìn a ó ṣe agbo. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan á dìde, á sọ ohun tó wà ní ikùn rẹ̀, á sì bẹ ohun kan lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ohun tí ọkùnrin bá bẹ̀ nínú agbo yẹn, a kì í fi dù ú.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ rí. Lọ́dún tó kọjá, ó ní òun á lọ. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ti rí ọkọ, àwọn àna sì ń bọ̀ láti Botro wá ṣe ìdána ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rètírẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí nílé wa: bí ọ̀rọ̀ bá wà tí bàbá gbọ́dọ̀ sọ, ìbáà jẹ́ ìsọmọlórúkọ, ìbáà jẹ́ ìsìnkú, èmi ni wọ́n ń ké sí pé kí n bá a sọ ọ́. Mo mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, n ò ní purọ́. Oore ni mo rò pé mò ń ṣe é. Òun ní tirẹ̀ fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ lé àna lọ́wọ́, kí ìyàwó rẹ̀ sì fi ẹnu sọ ọ́ jáde. Ohun tó fẹ́ lọ bẹ̀ nínú agbo nìyẹn, nítorí àwọn àgbà agbo náà ni yóò jókòó níbi ìdána. Kò sọ fún mi. Ta ní í sọ fún ẹni tó jókòó sórí àga òun pé òun ń bọ̀ wá gbà á?

Èmi tí n ò mọ nǹkan kan lọ bá ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Mo ní, “Bàbá Alága, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́dún yìí o. Báwo la ó ti ṣe ọ̀rọ̀ etí rẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ lè bá wa lọ, kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó máa fi ọwọ́ túmọ̀ fún un.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Obìnrin kẹ̀? Nínú rètírẹ́ẹ̀tì ọkùnrin?”

Alhaji kan tó ń ta aṣọ ní, “Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, gbogbo ọjà á ti gbọ́ pé mò ń hanrun!”

Mo ní kò burú, ọkùnrin kan wà tó ń túmọ̀ fún àwọn adití ní ìjọ kan nílùú yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé nìkan ló gbọ́. Wọ́n ní àjèjì kì í wọ agbo.

“Ìwọ ńkọ́?” ni Bàbá Alága wí. “Ṣé kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ ni? Ẹnu wo la tún ń wá kiri nígbà tí tìrẹ wà nílé?”

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n n ò ní tàn yín: ó tún dùn mọ́ mi díẹ̀.

Ẹ wá wo ètò tí wọ́n ṣe fún un. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sí iwájú pátápátá, ní ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n ní kó lè máa gbọ́ dáadáa ni. Ẹ̀gbọ́n mi wo àpótí dúdú náà, ó wò mí, ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó fi ìka yí nǹkan lófuurufú: nọ́ọ̀tì kan ti tú nínú rẹ̀. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní kí n lọ jókòó. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, wọ́n tú ìdí rẹ̀, nọ́ọ̀tì kan ló ti yẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn, òun ló sì gbọ́ ọ ṣáájú gbogbo wa.

Olùkọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Abidjan, kì í dúró sójú kan. Á lọ sẹ́yìn, á sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Á fi míkírò bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi tó lè ka ètè èèyàn díẹ̀ kò rí ètè kà. Èmi ń sáré tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bí ẹni ń lé adìyẹ. Ọ̀rọ̀ wákàtí kan, mo sọ ọ́ di “ìbínú kò dáa”. Ó bi mí pé ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Olùkọ́ wá ní, “Gbogbo yín, ẹ dijú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi wọ inú yín.”

Gbogbo wa dijú. Èmi náà, ẹ gbà mí o, mo dijú! Ta ni yóò wá túmọ̀? Ojú ni etí ẹ̀gbọ́n mi, a sì ní kó dì í. Òun nìkan ló lajú sílẹ̀, tó ń wo àwọn àgbàlagbà ọkùnrin tó dà bí òkú lórí ìjókòó. Ẹnì kan yọ́ ojú wò, ó ní, “Ọ̀gá yìí, ṣé adití nìkan ni, àbí ó tún ya aláìgbọràn?” Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú dídì. N ò túmọ̀ ìyẹn.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ kẹta, ó kan agbo. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, ó dìde. Ó nàka sí mi, ó fọwọ́ kan ètè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan nu èkejì, fìà. Ó fi ìka di irun sí ìpàkọ́ ara rẹ̀. Bí a ti ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó wá na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń gbé àwo fún àlejò. Ó yíjú sí àwọn àgbà, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀: ẹ jọ̀ọ́. Ó tán. Kò ju ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mu omi ife kan lọ.

Gbogbo ojú wá dé ọ̀dọ̀ mi. Àbùkù èmi sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni pé n kì í rí etí tó ṣí sílẹ̀ kí n má kún un. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀gbọ́n mi kí yín. Ó ní ẹni tó ní èèyàn lẹ́yìn kì í ṣubú gbalaja. Ó ní èmi àbúrò òun tí mo ti ń jẹ́ ẹnu fún òun, mo tó bẹ́ẹ̀, mo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ òun ń lọ sílé ọkọ, tayọ̀tayọ̀ lòun fi ń gbé e fún àna. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá òun dúró lọ́jọ́ náà.” Mo fi òwe kan lé e, mo fi òmíràn dè é. Àwọn kan nu omijé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Alága gbé àtàǹpàkò sókè sí ẹ̀gbọ́n mi: a ti gbà.

Ó rí àtàǹpàkò náà, ojú rẹ̀ tàn. Lẹ́yìn náà ó wọn apá ara rẹ̀ láti ìka dé ìgúnpá, ó nàka sí ẹnu mi, ó wá la ọwọ́ méjèèjì gbọọrọ. Ó ń sọ pé ọwọ́ òun kò gùn tó ẹnu mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ọjọ́ ìdána pé. Ẹ̀gbọ́n mi wọ agbádá tuntun. Ìyàwó rẹ̀ fi àárín àwọn obìnrin sílẹ̀, ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀; ó yà mí lẹ́nu. Nígbà tí àwọn àna dọ̀bálẹ̀ tán, Bàbá Alága ní, “Ó kan bàbá ìyàwó.” Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀, ọkọ sì dìde. Bàbá Alága sì gbé míkírò fún mi.

Mo gbà á. Ọ̀rọ̀ ń dà bí omi. Mo sọ̀rọ̀ débi tí àwọn ará Botro fi ń ṣe “àmín” níbi tí n ò tíì gbàdúrà. Mo ní, “A fún yín.” Nígbà tí mo yíjú, ẹ̀gbọ́n mi ṣì dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níwájú àyà, bí ẹni tó gbé àwo tí kò rí ẹni gbà á. Mo rò pé ó dìde láti bu ọlá fún mi ni.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìdána ni ìyàwó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tó jókòó sórí àpótí.

“Ọkọ mi, kí lẹ gbọ́ pé ó sọ ní ọ̀nà Béoumi lọ́jọ́sí?”

Mo sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú òwe rẹ̀.

“Ó ní ó tó,” ló wí. “Ó ní kí ẹ má sọ̀rọ̀ fún òun mọ́. Òun lòun fẹ́ fi ọmọ òun fọ́kọ.”

“Èmi náà sọ pé ó tó! Mo ní mo tó bẹ́ẹ̀!”

“Ó tó, ọkọ mi,” ló tún wí jẹ́jẹ́. “Ó tó gẹ́ẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi dúró níwájú dígí, tó ń kọ́ bó ṣe máa fi ọwọ́ gbàdúrà fún ọmọ yẹn. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń tún un ṣe fún un.”

Mo dìde, mo forí lé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́: kí olùkọ́ dúró sójú kan, kí a jókòó tí ojú ń rí ojú, kí ẹnikẹ́ni má dijú, kí a gba ìyàwó rẹ̀ láyè, tàbí kí a rán ọkùnrin kan nínú wa lọ kọ́ èdè ọwọ́ gidi. Bàbá Alága fara balẹ̀ gbọ́ mi tán.

“Ọ̀rọ̀ rẹ dára púpọ̀,” ló wí. “A ó gbé e yẹ̀ wò. Àmọ́ ọmọ ti dé ilé ọkọ, kí la tún ń fà? Àti pé, ta ni yóò sọ ọ́ bíi tìrẹ?”

Alhaji aláṣọ ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn ti ra gbohùngbohùn tuntun. Ńlá. Méjì.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń tú kábúrétọ̀ alùpùpù kan. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Mo wá àmì rẹ̀ nínú gbogbo èyí tí a ṣẹ̀dá nídìí àwo ìrẹsì, kò sí níbẹ̀. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ẹni tó bá jí ẹran ẹnìkejì jẹ, sísá ló ń sá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ kiri, mò ń ṣàlàyé, mò ń padà sẹ́yìn, mò ń tún un sọ. Ó wò mí, ọ́ìlì dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan nu èkejì, fìà.

Títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, n ò mọ èwo ni. Ó tó, mo ti gbà? Àbí ó tó, dákẹ́? Àbí ó kàn ń nu ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀ ni?

Rètírẹ́ẹ̀tì ọdún yìí ku oṣù kan. Ó ti fi orúkọ sílẹ̀. Wọ́n sì ti kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, wọn kò bi òun, wọn kò bi èmi. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, tó o ti rí bí mo ṣe fa ohun tí ọkùnrin kan fi ọwọ́ sọ ní ìwọ̀n omi ife kan gùn tó báyìí: bó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá tún gbé ọ̀rọ̀ rẹ sí mi lẹ́nu?